Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì àti Ìkíni Kan Lórí Òkè

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde kúrò nílé wa ní Collegno, ìlú kékeré tó fara kan Torino, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ìyàwó mi, Ìyábọ̀, tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì pẹ̀lú ìborùn lórí. Ó gbàdúrà fún mi, ó sì ṣe àmín rẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí ẹnu mi ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá Tósìn, ẹ̀yin tí ẹ kì í gun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù, òfurufú lẹ ń lọ yìí?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹlẹ́rù ni mí láti kékeré, ẹ̀rù náà kò sì dín kù láti ìgbà tí mo ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Mo ń kọ èyí kí ẹ̀yin ará ilé, tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé mo já bọ́ láti òfurufú, lè gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ẹni tó wá gbé mi ni Signor Bruno. Bàbá Bruno ni mo máa ń pè wọ́n, nítorí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Àwọn ni capo wa, ìyẹn ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń gé irin. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ, mo sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò ṣe. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n béèrè ohun tí mo wí. Mo ṣàlàyé. Àwọn ará Italy ní ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ́, buon lavoro, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń làágùn kọjá kí wọ́n má wí nǹkan kan. Bàbá Bruno ní àwọn ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí àwọn ti wà lọ́dọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó kí àwọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọ́ wọn ní ìdáhùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ wọn, bí mo bá ti kí wọn, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á fọwọ́ kan àyà, wọ́n á sì ní, "Ẹ ṣé o!" pẹ̀lú ohùn tó máa ń dẹ́rìn-ín pa mí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Orúkọ mi náà máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Gbádébọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n Debo ni ẹnu wọn lè pè, bẹ́ẹ̀ debbo, tó dún bákan náà ní èdè wọn, túmọ̀ sí "mo gbọ́dọ̀". Láràárọ̀ ni wọ́n á bi mí pé, "Ìwọ Mo-Gbọ́dọ̀ yìí, kí lo gbọ́dọ̀ ṣe lónìí?"

Àwọn ló mú mi mọ aliante. Aliante ni ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Apá rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì ló ń fi okùn fà á gòkè. Tó bá dókè, yóò tú okùn sílẹ̀, yóò máa wá ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń ru sókè, bí àwòdì ṣe ń ṣe ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Mo máa ń bá wọn gé koríko pápá wọn ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n jókòó síwájú kí n máa kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti fò kí ìrìn àjò yìí, tí a fẹ́ lọ fò lórí àwọn òkè lẹ́yìn Padova, tó dé. Ẹ lè bi mí pé kí ni ẹlẹ́rù ń wá níbẹ̀. Èmi náà ti bi ara mi. Bóyá torí pé ibẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ mi.

Mọ́tò wọn ń fa rimorchio, àpótí funfun gígùn kan tó ní táyà méjì, tí a tú aliante sínú rẹ̀: ara lọ́tọ̀, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀. Nítorí ẹrù yìí, a kò gbọdọ̀ sáré ju ọgọ́rin kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Autostrada, ọ̀nà ńlá wọn, tẹ́ pẹrẹsẹ láti Torino títí dé Padova, mi ò sì rí kòtò kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá wọ̀ ọ́, yóò gba ìwé pélébé lẹ́nu ẹ̀rọ. Ibi tó bá ti jáde ni yóò ti sanwó. Tiwa lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lírà.

Ní Novara, oko ìrẹsì ló wà lọ́tùn-ún lósì wa, omi kún inú rẹ̀, oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sì ń tàn nínú omi náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òyìnbó ń gbin ìrẹsì. Lẹ́yìn Milano a yà síbi tí wọ́n ti ń ta kọfí lẹ́bàá ọ̀nà. Kọfí náà kò ju ẹnu mẹ́ta lọ, ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún lírà ni wọ́n ń tà á, orí ìdúró sì ni gbogbo wọn ti ń mu ún bí ẹni tó ń lo oògùn. Ọmọbìnrin tó ń tà á yọjú wo àpótí wa, ó bi Bàbá Bruno bóyá ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ òfurufú ni," ni wọ́n wí. "Debo yìí ló ń wà á."

Ọmọbìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí, ẹ ò níí yé ṣàwàdà!"

"Ṣé mo jọ aláwàdà lójú ẹ ni?" Bàbá Bruno kò rẹ́rìn-ín rárá. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ń tì mí.

A kọjá Bergamo, a kọjá Brescia. Ní ọwọ́ òsì, àwọn òkè ńlá ń bá wa rìn, yìnyín ṣì wà lórí àwọn tó jìnnà, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹfà la wà. Lẹ́yìn Verona ni Bàbá Bruno sọ ohun kan tí wọn ò sọ fún mi rí.

"Nígbà tí bàbá tó bí mi wà ní ọjọ́ orí mi yìí," ni wọ́n wí, "ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà, iná lórí sítóòfù. Lẹ́yìn náà, orúkọ mi."

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kàn wọ́n.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ orí ara mi wò. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé nǹkan kan nídìí aliante, ọjọ́ náà ni mo parí. Mi ò ní dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Padova. Ilé Silvia la wọ̀ sí. Tíṣà ni Silvia, ó tó ẹni ogójì ọdún, àwọn méjèèjì ló sì jọ ni aliante náà. Ìyá rẹ̀ se polenta fún wa. Polenta ni ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò lórí iná títí yóò fi ki, wọ́n á dà á sórí pákó, wọ́n á sì fi okùn gé e. Ó jọ tùwó àgbàdo lẹ́nu mi, ẹran ọ̀bọ̀rọ́ tí kò ní ata nìkan ni kò jẹ́ kí n rò pé ilé ni mo wà. Nígbà tí a jẹun tán, Silvia kọjú sí mi. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

"Debo, òfin kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Bí ẹnì kan bá ń to aliante pọ̀, má bá a sọ̀rọ̀. Má bi í ní nǹkan kan, má sọ pé òjò ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a dúró, ó gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ó yé ọ?"

Mo ní ó yé mi. Ó sì yé mi lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwa àti Silvia gba ọ̀nà Vicenza padà, a sì yà sí apá àríwá. Ọ̀nà òkè náà ń lọ́ bí ejò. Gbogbo ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ògiri. Mo ka á títí dé mẹ́wàá, mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, ilẹ̀ ti tẹ́. Pápá oko tútù ló wà lókè níbẹ̀, igi páìnì yí i ká, àwọn màlúù ń jẹko, agogo sì wà lọ́rùn wọn. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù tó fi jẹ́ pé súwẹ́tà ni mo wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Pápá tí ọkọ̀ ti ń gbéra kò ju koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ la ti to aliante. Bí wọ́n bá ti ki apá méjèèjì bọ ara rẹ̀ tán, ihò kan wà lẹ́yìn ìjókòó tí èèyàn máa ń ki orí bọ̀ láti so àwọn irin tó wà nínú apá mọ́ tinú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn irin yìí ló ń darí bíréèkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó máa ń yọ jáde lórí apá nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí irin bá ti wọnú irin, pín kékeré kan ló kù tí wọ́n á fi dè é kó má bàa yọ. Spilla ni wọ́n ń pe pín náà. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe pín tí ìyá fi ń de nápùkìn ọmọ.

Bàbá Bruno rán mi lọ bu omi. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n tẹ̀ ba, orí wọn wà nínú ihò náà, ọwọ́ wọn méjèèjì wà nínú lọ́hùn-ún, pín náà sì wà láàárín ètè wọn. Òógùn ń bọ́ lọ́rùn wọn. Silvia wà lọ́dọ̀ ọkùnrin tí yóò fi ọkọ̀ tirẹ̀ fà wá.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Wọ́n yọ orí. Wọ́n yọ pín lẹ́nu, wọ́n ki í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fọwọ́ kan àyà. "Ẹ ṣé o, Debo!" Wọ́n gba omi, wọ́n mu ún, wọ́n ní ó tutù dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ìdérí ihò náà dé.

Silvia padà wá, a yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n fa bíréèkì, ó jáde. Wọ́n tì í, ó wọlé. Irin ti wọnú irin, kò sí ohun tó lè sọ fún wa pé pín kò sí níbẹ̀.

Èmi jókòó síwájú, Bàbá Bruno jókòó sẹ́yìn mi, a so páráṣúùtì mọ́ ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà fà wá gòkè, ó ń gbọ̀n wá jìgìjìgì. Bàbá Bruno tú okùn sílẹ̀, ariwo sì lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàpèjúwe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fún yín. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń kọjá lára gíláàsì. Àwọn òkè wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọ́n fi di aláwọ̀ aró. Ẹ̀rù ò bà mí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo rántí rẹ̀ dáadáa torí pé kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "gbà!" ní ọwọ́ òsì. Mo yíjú. Bíréèkì ti dìde lórí apá òsì fúnra rẹ̀, ti ọ̀tún wà nílẹ̀. Imú ọkọ̀ fà sí òsì, ó ń dorí kodò.

"Debo, gbọ́wọ́ kúrò." Ohùn wọn kò yí padà. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Wọ́n ṣí bíréèkì ọ̀tún náà kí méjèèjì lè dọ́gba. Ọkọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ó ń já wálẹ̀ bí òkúta. Pápá wa wà lẹ́yìn àwọn igi páìnì, mo sì rí i pé a kò lè dé ibẹ̀. Jésù ni mo ń pè, ní Yorùbá. Bàbá Bruno yí wa sí oko koríko kan, wọ́n ń bá màlúù wí ní èdè Italy pé kí wọ́n kúrò lọ́nà, bí ẹni pé àwọn màlúù náà ń gbọ́ wọn. A balẹ̀. Ilẹ̀ gbá wa lẹ́ẹ̀kan, a fò, ó tún gbá wa, nǹkan kan kán lẹ́yìn mi.

Nígbà tí ó dúró, agogo ọrùn màlúù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Okùn ìjókòó ti bó mi láyà, ohun tó ṣe mí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Bruno ló kán.

Ilé ìwòsàn kan ní Padova ni wọ́n gbé wọn lọ. Nọ́ọ̀sì kó aṣọ wọn fún mi nínú àpò ọ̀rá. Bí mo ṣe ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, nǹkan gún mi níka. Pín náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó mọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo sì rí ara mi pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, tí mò ń kí èèyàn.

Nígbà tí mo wọlé, Silvia ti ń sọ fún wọn pé òun wo ọkọ̀ náà, pín bíréèkì òsì kò sí níbẹ̀, òun sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú. Bàbá Bruno kọjú sí ògiri.

"Ó ti dé," ni wọ́n wí. "Bí ó ṣe dé bá bàbá mi. Mi ò tiẹ̀ rántí pé mo dì í mú. Mo ti parí, Silvia. N ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí orí rẹ̀ ń lọ kò yẹ nídìí ẹ̀rọ."

Pín náà wà nínú ìkúùkù mi. Mo ki ọwọ́ náà bọ àpò, mo sì jáde.

Mo lọ tẹ Ìyábọ̀ láago. Mo ra káàdì tẹlifóònù ẹgbẹ̀rún márùn-ún lírà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ sunkún, ó dúpẹ́, ó tún sunkún. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Bàbá Tósìn, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ò ní sọ ọ́ fún wọn."

"Ìyábọ̀, bàbá náà rò pé orí òun ti ń lọ."

"Wọ́n ti dàgbà, àwọn dókítà á tọ́jú wọn. Ìwé yín ńkọ́? Oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa gbé permesso lọ tún ṣe. Ta ló máa kọ lẹ́tà pé ẹ níṣẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní dúdú kan ló fẹ́ pa òyìnbó?" Permesso ni ìwé tí ìjọba fi gbà wá láyè láti máa gbé níhìn-ín. "Ẹ fi pín yẹn sọ sínú pàǹtí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n dáhùn."

Káàdì náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára, mi ò lè sọ pé kò dára. Ohun tí ẹ̀rù ń sọ fún mi gan-an náà ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ilé ìwòsàn. Silvia jókòó pẹ̀lú ìwé àti bíìrò lórí itan. Bàbá Bruno kò fá irùngbọ̀n. Wọn ò bi mí ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Signor Bruno, mo fẹ́ ṣe orúkọ mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀." Mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. "Ẹ ò gbàgbé. Pín yìí wà lẹ́nu yín. Èmi ni mo kí yín."

Wọ́n wo pín náà, wọ́n wò mí. "Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mo gbé omi dé. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yọ pín lẹ́nu, ẹ fi sápò, ẹ fọwọ́ kan àyà, ẹ sì dá mi lóhùn."

Wọ́n di ojú wọn. Mo ń gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ṣe ń yí kọjá níta. Lẹ́yìn náà, ètè wọn mì.

"Ó korò," ni wọ́n wí. "Irin yẹn. Ó korò lẹ́nu mi, omi wá fọ̀ ọ́ lọ." Wọ́n la ojú. "Silvia, mo rántí! Ìwọ náà gbọ́, mo rántí!" Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn, àgbàlagbà, níwájú wa.

Silvia kò sunkún. "Mo kìlọ̀ fún ọ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ní ó yé ọ. Kí ló wá dé?"

"Lọ́dọ̀ wa," ni mo dáhùn, "ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ."

Silvia mú bíìrò. Ó ní kí n pè é fún òun lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ "ẹ kú iṣẹ́" sínú ìwé náà. Bàbá Bruno ní kó kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn ni àwọn dáhùn, àwọn ni àwọn kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fò nínú àwa méjèèjì títí ọdún yóò fi parí. Bàbá Bruno ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò dárúkọ fífi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà, láti Padova sí Milano, láti Milano sí Torino. Gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ̀n, mo di àga mú. Mi ò tíì mọ ohun tí ìwé Silvia yóò fà fún mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì gbé permesso lọ. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ohun rere tí a gbé wá láti ilé lè ṣe èèyàn léṣe níbòmíràn bí a kò bá kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tósìn ló ṣílẹ̀kùn. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Papà, mamma sta cucendo," pé màmá ń ránṣọ. Ìyábọ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí irin, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò lẹ́bàá ìka rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi.

Ó gbójú sókè, aṣọ sì ń sá lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ẹni tó ti ojú ọ̀run bọ̀, kò lè kí èèyàn?"

"Gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ ná," ni mo wí.

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Abẹ́rẹ́ dúró. Mo dúró títí ó fi yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"O kú iṣẹ́," ni mo wí.